Bàlúù Lutek Lójú Fèrèsé

Ẹsẹ̀ ni Bronka Matera ń gbẹ́ jẹun. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn o. Ẹsẹ̀ igi tí àwọn oníbàtà máa ń na awọ lé lórí kí bàtà tó dúró dáadáa ni. Ó ti lo ọdún méjìdínlógún nídìí iṣẹ́ náà ní ilé-iṣẹ́ bàtà ìlú Zalipno, létí odò Wisła, nílẹ̀ Poland. Bí o bá gbé igi lé e lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò rà á, yóò yí i síbí, yóò yí i sọ́hùn-ún, kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ máa ń sọ pé ojú lásán ni Bronka fi ń wọn nǹkan. Kò lọ́kọ. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, òun àti ìyá rẹ̀ ló sì jọ ń gbé nínú ilé kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà ọjà.

Lóṣù kìíní ọdún 1952, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ibi iṣẹ́. Ilé Àṣà ìlú fẹ́ ṣe ìpàtẹ àfijọ àwọn bàlúù ogun tó bá Jámánì jà. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ igi í gbẹ́ lè mú tirẹ̀ wá lóṣù karùn-ún, ẹni tó bá sì ṣe dáadáa jù yóò gba rédíò. Bronka ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n jáde iṣẹ́, ó tọrọ ìtì igi lipa kan, igi tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, lọ́wọ́ alábòójútó ibi ìkó-igi-sí, ó gbé e sábẹ́ apá, ó di ilé.

Àbúrò kan ló ní, Lutek lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún tí Jámánì ya wọ ilẹ̀ Poland, ọ̀dọ́mọdé awabàlúù ni Lutek. Nígbà tí ilẹ̀ bàjẹ́ tán, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba Romania sá lọ sí Faransé, wọ́n ti Faransé sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti gun bàlúù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń bá Jámánì fà á lójú ọ̀run fún ọdún mẹ́rin. Mẹ́fà nínú bàlúù ọ̀tá ni Lutek já lulẹ̀. Nígbà tí ogun parí, àwọn kan nínú wọn ò padà wálé, torí wọ́n gbọ́ pé ìjọba tuntun ò fẹ́ràn ẹni tó bá Gẹ̀ẹ́sì jẹun. Ṣùgbọ́n ara ìyá Lutek ò yá, ó sì padà lọ́dún 1947. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kàwé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń jẹun àárọ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wọ ẹ̀wù gígùn wọlé wá mú un. Wọ́n ní amí Gẹ̀ẹ́sì ni. Adájọ́ fún un lọ́dún mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí fọ́tò rẹ̀ fi kúrò lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ìlú sì dẹ́kun àtidárúkọ rẹ̀, bí ẹni pé inú omi ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Ìyá wọn rí igi lipa náà lórí tábìlì.

"Bronka, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Bàlúù ni, Màmá."

"Bàlúù ta ni?"

"Bàlúù Lutek."

Màmá gbé ṣíbí ọbẹ̀ kábéèjì wọn kalẹ̀. "Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n. Ṣé o fẹ́ kí n máa gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu géètì méjì ni, pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

"Ìwé tó wà lára ògiri ò sọ pé ká má ṣe irú rẹ̀."

"Ìwé ò sọ, ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ṣe é."

Fọ́tò kan péré ló ní láti fi ṣiṣẹ́. Nínú rẹ̀, Lutek dúró ti ẹ̀gbẹ́ bàlúù rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ìyẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí súgà kó. Kò sí ìwé tó sọ bí bàlúù náà ṣe gùn tó tàbí bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri nígbà náà, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Ṣùgbọ́n kí Lutek tó wọ iṣẹ́ ológun, Màmá ti mú un dúró ti òpó ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n fi ọ̀bẹ fa ilà sókè orí rẹ̀. Bronka fi téèpù wọn ilà náà láti ilẹ̀. Ó wọn Lutek inú fọ́tò. Láti ara gíga àbúrò rẹ̀, ó ṣírò gíga ìyẹ́, ó ṣírò ìrù, ó ṣírò bí táyà ṣe tóbi tó. Ohun tí fọ́tò ò fi hàn, ó rántí rẹ̀ láti ìgbà tí Lutek padà dé, tó máa ń fi búrẹ́dì àti fọ́ọ̀kì ṣàlàyé lórí tábìlì fún wọn bí wọ́n ṣe ń yí lójú ọ̀run. Ó pinnu pé ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún bàlúù gidi lòun máa ṣe. Bó bá parí, ìyẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò tó láti ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà dé orí ìka.

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, àti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣì wà, ló ń ṣe é. Ara bàlúù náà ò fún un ní wàhálà. Ìdúró gìgísẹ̀ ló jọ lójú rẹ̀, ó sì ti gbẹ́ gìgísẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìyẹ́ ló dà á láàmú. Ìyẹ́ bàlúù yẹn rí bí ewé tó gùn, ó nípọn nídìí, ó tinrin lẹ́nu. Ó ba mẹ́ta jẹ́ kí ẹ̀kẹrin tó gbà. Fún gíláàsì tó bo orí awabàlúù, ó tọrọ fíìmù tí dókítà fi ń wo eegun lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó fi omi gbígbóná àti sódà fọ àwòrán rẹ̀ kúrò títí ó fi mọ́ kedere, ó fi iná mú un rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tó ti gbẹ́ sílẹ̀. Títán ni fíìmù yẹn ń tàn yanranyanran. "Egungun ìhà ta ló wà nínú ẹ̀?" ni Màmá béèrè. Bronka ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà ti ṣe ìlú láǹfààní.

Táyà rẹ̀, rọ́bà gìgísẹ̀ bàtà ni. Ẹnu ìbọn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó gé lórí. Fún ìṣó kéékèèké tó wà lára bàlúù gidi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ó tú kẹ̀kẹ́ eléyín kan lára aago tó ti kú, ó ń yí i lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, eyín aago náà sì ń tẹ ojú ìṣó sára igi lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹsẹ̀ èèrà.

Ọ̀dà ló kù. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Baba Onufry, arúgbó tó ń tún ojú àwọn áńgẹ́lì kùn lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Baba kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n yí àfijọ náà wò, wọ́n ṣe "hùn-ún", wọ́n fa àpótí ọ̀dà wọn súnmọ́ tòsí.

"Òkè ńkọ́?"

"Àwọ̀ ewé dúdú àti àwọ̀ eérú, Baba. Kí wọ́n wọnú ara wọn."

"Ìsàlẹ̀?"

"Eérú nìkan, kó mọ́lẹ̀ jù ti òkè lọ. Etí ìyẹ́, pupa rúsúrúsú... rárá, bí ìyeyè tó pọ́n. Àmùrè kan tún wà nídìí ìrù. Lutek ní ó dà bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ."

"Pẹ́pẹ́yẹ ta ni? Tèmi ń yé funfun. Ti aládùúgbò mi ń yé bí ewé. Lọ mú un wá ká rí i."

Ẹyin mẹ́ta ni Bronka kó wá lọ́jọ́ kejì. Baba Onufry gbé wọn sójú fèrèsé, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n po ọ̀dà títí kò fi sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èèpo ẹyin. "Àwọ̀ yìí ni mo fi kun ẹ̀wù Jósẹ́fù lọ́dún tó kọjá," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ Jósẹ́fù sùn."

Bronka fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ ya òrùka Gẹ̀ẹ́sì, àmì tó máa ń wà lára bàlúù wọn, sórí ìyẹ́ àti sí ẹ̀gbẹ́, ó ya onígun mẹ́rin funfun àti pupa ti Poland sí iwájú. Ó fi dúdú èéfín fìtílà pa ibi tí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń sọ di dúdú. Lutek ti sọ rí pé ìdí ìyẹ́ òsì làwọn máa ń tẹ̀ gòkè, pé ọ̀dà ibẹ̀ kì í pẹ́ bó. Bronka fi èékánná rin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bó. Ó kọ lẹ́tà B gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́. Lutek fúnra rẹ̀ ló tọrọ lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ni, kò sì sọ fún wọn pé ti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó máa ń lu òun nígbà èwe ni. Níkẹyìn, nísàlẹ̀ gíláàsì, ó kọ ọ́ wínníwínní: L. Matera.

Wacek Rogala ni olùdarí Ilé Àṣà. Òun àti Lutek ló jọ kàwé, ilé Matera ló sì ti jẹ ìlàjì oúnjẹ ọ̀sán ìgbà èwe rẹ̀. Òun náà ló wà nípò tíṣà lọ́jọ́ tí wọ́n yọ fọ́tò Lutek. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi yọ ọ́. Nígbà tí Bronka ṣí aṣọ kúrò lórí ohun tó gbé wá, Wacek gbàgbé ipò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo inú gíláàsì bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n Bronka, ẹ tún fi ìgbànú sára àga. Ìgbànú! Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì."

Ojú rẹ̀ wá kan orúkọ yẹn. Ó nàró. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Kò sí èyí tó tó o nínú gbọ̀ngàn yìí. Rédíò yẹn, tiyín ni. Nǹkan kékeré méjì péré ló kù. Ẹ fi ìràwọ̀ pupa bo àwọn òrùka Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ẹ sì pa orúkọ yẹn rẹ́."

"Kó wá di bàlúù ta ni?"

"Ti àwọn ọ̀rẹ́ wa, àwọn Rọ́ṣíà."

"Tiwọn ti pé mẹ́rìnlá lórí tábìlì lọ́hùn-ún, mo kà á. Ti Lutek nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo orúkọ yẹn níbí."

"N ò pariwo. Ohùn tí mo fi máa ń pè é wá jẹun ni mo fi pè é. Ìwọ náà mọ ohùn yẹn, Wacek. Bí mo bá pe ẹnì kan, ẹni méjì ló máa ń sáré wọlé."

Etí Wacek pọ́n bí ata. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà lásán ni mo ní kí ẹ fi kùn ún. Kí ni ọ̀dà? Igi abẹ́ rẹ̀ ò ní yípadà."

"Bí ọ̀dà ò bá já mọ́ nǹkan kan, jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

"N ò lè gbà á wọlé báyìí."

"Ó dáa. Ṣílẹ̀kùn fún mi, ọwọ́ mi ò sófo."

Ó fi aṣọ tó fi bò ó wá sílẹ̀ fún Wacek. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ náà. Bronka gbé bàlúù náà sórí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní gbangba, ó gba àárín àwọn tó ń ta ọ̀dùnkún àti ẹja odò kọjá, kò gba ẹ̀gbẹ́, kò sì yára. Àwọn ènìyàn ń yà fún un. Ọkùnrin kan tó ń ta kùkúḿbà oníyọ̀ béèrè pé, "Ti ta nìyẹn?"

"Ti Lutek wa."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Nígbà tó délé, Bronka gbé bàlúù náà sójú fèrèsé, imú rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Màmá wò ó, wọ́n wo Bronka, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Sájẹ́ǹtì Pyrka, ọlọ́pàá àgbà ìlú, wá pẹ̀lú ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n gbé bàlúù, wọ́n gbé Bronka pẹ̀lú. Ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí náà ló bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kí o ṣe é?"

"Ìwé tó wà lára ògiri ibi iṣẹ́ wa."

"Ìwé yẹn ò ní kí o ṣe ti ọ̀dàlẹ̀."

"Ó ní bàlúù tó bá Jámánì jà. Èyí bá Jámánì jà. Bí ẹ bá rí ibi tó ti bá Poland jà, ẹ fi hàn mí, màá fọwọ́ mi fọ́ ọ."

Ọkùnrin náà kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Ọjọ́ méjì ni Bronka fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dá bàlúù padà. Nígbà tó padà dé ibi iṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí ọ̀bẹ, wọ́n fi í sídìí ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń se awọ àti eegun di àtè. Òórùn ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a kẹ́dùn, ó ní àǹfààní ibẹ̀ ni pé òun ò ní wá àtè tì mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Èyí yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọwọ́ ti mọ ọ̀nà. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ló jókòó sójú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò mú Bronka. Wọ́n kàn ní bó bá tún ṣe é, àwọn á gba ilé. Màmá, tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí pé kó jáwọ́, tẹ̀lé Pyrka dé ẹnu ọ̀nà. "Ilé tí ọkọ mi kọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ gbà á. Kí ẹ wá gbé èmi náà jáde pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì mi lójú ọjà. Èmi kọ́ ni màá rìn jáde." Bronka tó wà lẹ́yìn wọn ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ló bi í pé ṣé igi lipa ṣẹ́kù.

Kò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bronka ṣílẹ̀kùn, ó bá ìtì igi lipa gbígbẹ kan tí ẹnì kan fi sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bá agolo ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, sáńpépà tí wọ́n ká sínú ìwé ìròyìn. Kò mọ ẹni tó ń fi wọ́n síbẹ̀, kò sì wádìí.

Bàlúù kẹta wọ ojú fèrèsé nígbà ìkórè. Sájẹ́ǹtì Pyrka nìkan ló wá, kò sì jókòó.

"Ẹ gbọ́, Bronka. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ fi kọ́tìnì bò ó. Bí wọ́n bá bi mí, màá lè sọ pé n ò rí nǹkan kan. Ó ti rẹ èmi náà."

Bronka mọ̀ pé inú rere ló fi wí i. Ó ro ó. "Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, ẹ̀yin lẹ gbé e. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, èmi ni mo gbé e. Ẹ gbé e bí ẹ bá fẹ́."

 Pyrka dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Kò gbé e, ẹlòmíràn ò sì wá. Bóyá torí pé olórí àwọn Rọ́ṣíà ti kú lọ́dún yẹn tí gbogbo àwọn ọ̀gá ń fetí sílẹ̀ de ẹ̀fúùfù ni o, bóyá torí pé ó ti rẹ Pyrka lóòótọ́ ni, Bronka ò mọ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún 1956, kí ọdún mẹ́sàn-án náà tó pé, ni wọ́n dá Lutek sílẹ̀. Kò kọ̀wé ṣáájú. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àpò kan, eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin ti lọ, ó sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́wọ̀n. Àwọn aládùúgbò rí i tó dúró níwájú fèrèsé ilé wọn fún ìgbà pípẹ́. Kò wọlé títí Màmá fi jáde lọ fà á lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Lutek gbé bàlúù náà lé orúnkún. 

"Bronka. Àwọ̀ ìyeyè yìí ti gùn jù. Kò dé ìdí ìyẹ́. Ọ̀dọ̀ ìbọn ló ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ lo sọ pé ó dé ibẹ̀."

"Èmi kọ́."

"Ìwọ ni. Orí tábìlì yìí. O fi ọ̀bẹ bọ́tà hàn mí."

"Bronka, èmi ni mo gùn ún!"

"Èmi ni mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. N ò tún un kùn nígbà tí ìjọba ní kí n tún un kùn, ìwọ ni màá wá gbọ́ tìẹ?"

Lutek wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu nítorí eyín rẹ̀, ẹ̀rín náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Màmá ní kí àwọn méjèèjì dákẹ́, kí wọ́n mu tíì.

Nígbà tó fi di ìparí ọdún yẹn, nǹkan ti yí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní amí ti ń di akọni nínú ìwé ìròyìn. Wacek wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ kóòtù tuntun, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n Bronka. A fẹ́ ṣe ìpàtẹ àwọn awabàlúù Poland tó jà nílẹ̀ òkèèrè. A máa gbé bàlúù yín sáàárín gbọ̀ngàn. Pẹ̀lú orúkọ. Pẹ̀lú òrùka. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀."

"Méjì àkọ́kọ́ dà?"

"Wọ́n... wọ́n dáná sun wọ́n, ẹ̀gbọ́n. N ò sí níbẹ̀."

Lutek dìde nídìí tábìlì, ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Wacek kọjá láì kí i, ó gba ọ̀nà odò lọ. Wacek wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́," ni Wacek wí.

"Ìwọ ló ṣẹ̀ ẹ́. Bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ."

"Bàlúù náà ńkọ́?"

"Kò lọ ibì kankan. Nígbà tí kò sí ibi tó gbà á, ojú fèrèsé yìí gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, wọn ò ti òpópónà pa."

Ìpàtẹ náà wáyé láìsí i. Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ó dára. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn púpọ̀ nínú wọn gba òpópónà ọjà lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà wọn. Lutek ríṣẹ́ awakọ̀ tó ń kó mílíìkì láti abúlé; wọn ò jẹ́ kó wa bàlúù mọ́, kò sì béèrè. Ilé-iṣẹ́ bàtà ní kí Bronka padà sídìí ọ̀bẹ. Ó ní àfi kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ṣẹ̀ òun nígbà tí wọ́n yọ òun. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi kọ̀, òun náà sì fi oṣù márùn-ún ro àtè. Nígbà tó yá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.